KỌ̀ǸPÚTÀ INÚ YÀRÁ TÍTÌ KÒ KỌ́ ỌMỌ: Ẹ JẸ́ KÁ SO ILÉ-ÌWÉ WA PỌ̀

Ìdìbò káńsù ti ń kanlẹ̀kùn. Àwọn tó wà lórí àga yóò tún gbé àpò ìrẹsì dé, wọn yóò ní àwọn ti ra kọ̀ǹpútà fún ilé-ìwé yín. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ṣáà ní kí wọ́n ṣí yàrá tí wọ́n tì í mọ́.

Kí lẹ máa rí níbẹ̀? Bí kọ̀ǹpútà bá wà, kò síná. Bí iná bá wà, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí méjèèjì bá wà, tó bá bàjẹ́ lónìí, kò sẹ́ni tí yóò tún un ṣe lọ́la. Agbaṣẹ́ṣe ti gbowó lọ, alága ti ya fọ́tò, eruku ló jogún ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti pa ìdánwò orí ìwé tì. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì ń ṣe é. Ní 2024, WAEC náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ fúnra wọn. Ọmọ olówó ti ń tẹ kọ̀ǹpútà láti kékeré. Ọmọ tiyín ńkọ́? Ọjọ́ ìdánwò gan-an ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn án. Aago ń sáré, òun ń wá lẹ́tà kiri. Bó bá fìdí rẹmi, wọn á ní olódo ni. Ṣé olódo ni lóòótọ́, àbí wọ́n fi ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní dù ú?

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń sọ nìyí: kí káńsù yé pín kọ̀ǹpútà kiri bí ẹni ń pín mọ́ínmọ́ín. Kí a so gbogbo ilé-ìwé ìjọba ìbílẹ̀ yìí pọ̀. A ó gbé ìyá-kọ̀ǹpútà kan sí sẹkitéríàtì káńsù, oòrùn ni yóò máa fún un níná. A ó ri òpó gíga síbẹ̀. Lórí òrùlé ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kékeré kan tó dà bí àwo tẹlifíṣọ̀n yóò kọjú sí òpó náà. Afẹ́fẹ́ ni iṣẹ́ ń gbà lọ, kò sí wáyà tí olè máa gé. Bí òkè tàbí igi ńlá bá dí ilé-ìwé kan, ilé-ìwé tó wà láàárín ni yóò gbà á, yóò sì fi ránṣẹ́ sí i.

Èrè wo ló wà níbẹ̀? Íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni a ó máa san owó rẹ̀. Ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, ẹ̀ẹ̀kan la ó kó wọn sínú ìyá-kọ̀ǹpútà, gbogbo ilé-ìwé yóò máa kà wọ́n láìná dátà, kódà bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ. Ilé-ìwé abúlé tí kò ní tíṣà físíìsì yóò máa gbọ́ ẹ̀kọ́ tíṣà ti ìlú lákòókò kan náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Wọn yóò ní kò sówó. Irọ́ ni! Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń fi tiwa ṣe.

Wọn yóò ní kì í ṣe iṣẹ́ káńsù. Ìwé òfin 1999 sọ pé káńsù ní ipa tirẹ̀ nínú pípèsè ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìtọ́jú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ìpínlẹ̀ ló ni ilé-ìwé girama, ṣùgbọ́n ṣebí ọmọ wa ló wà níbẹ̀? A ó bá ìpínlẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé, kí òpó kan náà sìn wọ́n.

Wọn yóò ní àlá ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sọ kí Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955. Láti 2010 ni okùn íntánẹ́ẹ̀tì MainOne ti gba abẹ́ òkun dé Èkó. Ti Google, Equiano, dé ní 2022. Omi ti dé ẹnu odò, ìkòkò tiwa ni kò dé ibẹ̀.

A ò ní tàn yín jẹ o. Ẹ̀rọ tí kò ní olùtọ́jú, ẹ̀sín ni. Ọ̀ṣun gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013, èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, títọ́jú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Bí a bá sì so ẹ̀rọ pọ̀ tí a fi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló lè dá gbogbo wa lóró lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Karùn-ún 2025, JAMB fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àtúnṣe tó yẹ kí ó dé orí ẹ̀rọ kò dé orí àwọn kan. Ọmọ 379,997 ní Èkó àti ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ní kí ó tún ìdánwò ṣe. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí owó àtúnṣe wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdọọdún, kí a gba àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò yìí, kí a kọ́ wọn níṣẹ́, kí a sì máa sanwó oṣù fún wọn.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta:

1. Kọ̀ǹpútà mélòó ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé wa lónìí?
2. Ta ni ń tún un ṣe, èló sì ni owó oṣù rẹ̀?
3. Èló ni wọ́n rà á, lọ́wọ́ ta ni?

Bí wọ́n bá ń kólòlò, ẹ ti mọ̀ wọ́n. Tiwa, a ó lẹ iye owó gbogbo mọ́ ara ògiri káńsù, kí tonílé tàlejò lè kà á.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ gba ìrẹsì wọn bó bá wù yín, ẹ sè é, ẹ jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ jí ní kùtùkùtù, ẹ mú káàdì yín dání, ẹ tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ wa. Ẹ dúró ti ìbò yín títí wọn yóò fi kà á tán!