Láptọ́ọ̀pù Kì Í Ṣe Ohun Fàájì

Ẹnu dùn ún ròfọ́. Láti ìparí ọdún 2023 tí Mínísítà Bọ̀sún Tìjání ti gbé ètò 3MTT kalẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́ta ni iye tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ. Mílíọ̀nù mẹ́ta ọ̀dọ́ ni wọn yóò kọ́ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá ti sọ ìyẹn tán, ìmọ̀ràn ló máa ń tẹ̀ lé e: kí ọ̀dọ́ gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ síwájú, kó fi ṣètò ọjọ́ rẹ̀, kó fi wá dọ́là wálé. Mi ò bá ẹ̀kọ́ jà. Mínísítà náà wà lára àwọn tó dá CcHUB sílẹ̀ ní Yábàá, kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ yìí. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sí ẹni tó ń fi irú ohùn gbangba bẹ́ẹ̀ sọ iye tí wọ́n ń ta láptọ́ọ̀pù, tàbí iye tó ń ná èèyàn kí iná tó lè wà lára rẹ̀ dalẹ́. Ètò náà kì í fún gbogbo ẹni tó bá wọlé ní ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹ mú láptọ́ọ̀pù kan tí wọ́n ń ta ní 300 dọ́là. Kí CBN tó tú okùn náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan lójú ìwé ìjọba, ẹ̀rọ yẹn á sì jẹ́ 138,000 náírà. Àwọn oníṣòwò mọ̀ pé ìwọ̀nba èèyàn ló ń rí dọ́là rà ní iye yẹn. Ọwọ́ àwọn Mọ̀lá tó ń ṣẹ́ owó nígboro ni wọ́n ti ń rà á ní nǹkan bí 740, èyí tó gbé ẹ̀rọ kan náà dé 222,000. Nígbà tí dọ́là wá gòkè dé 1,500, ó di 450,000 náírà. Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbé ìṣirò náà gbà, owó ẹ̀rọ náà ti di ìlọ́po méjì ó kéré tán, mi ò sì tíì fi owó ẹrù, owó ibodè àti èrè ẹni tó ń tà á kún un. Òṣìṣẹ́ tó ń gba 70,000 náírà tí òfin ọdún 2024 pè ní owó oṣù tó kéré jù lọ yóò ṣiṣẹ́ bí oṣù mẹ́fà ààbọ̀ láì jẹun, láì wọkọ̀, láì san owó ilé, kó tó lè rà á.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń sá tọ̀. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, ní òpópónà Ọ̀tígbà àti gbogbo àyíká rẹ̀, ẹ ó rí HP, Dell àti Lenovo tí àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun ti lò fún ọdún bíi mélòó kan, tí wọ́n tò léra bí ìwé. Ẹ̀rọ gidi ni púpọ̀ nínú wọn, mi ò ní bú wọn, àwọn ọmọ tó sì ń tún wọn ṣe níbẹ̀ mọṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí lọ. Bátìrì ni ìyọnu. Bí a ṣe ń gba iná sí bátìrì láptọ́ọ̀pù tí a sì ń lò ó tán ló ń gbó. Tó bá ti tó ìgbà 300 sí 500, kì í gbé iná dúró bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ìgbà yẹn ti bá ẹni tó kọ́kọ́ lò ó lọ. Ilẹ̀ tí iná kò ti dúró, tó jẹ́ pé bátìrì gan-an ni èèyàn gbójú lé, ibẹ̀ ni bátìrì tó ti rẹ̀ wá ń parí ìrìn àjò rẹ̀ sí.

Mo mọ àwọn tó máa sọ pé kí ọ̀dọ́ fi fóònù ṣe é. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fi fóònù kọ ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan fún kíláàsì mẹ́ta. Tíṣà tó ní láptọ́ọ̀pù a ṣí ti ọdún tó kọjá, a tún un ṣe, a tẹ̀ ẹ́ jáde, ó tán. Èyí tí kò ní a tún fi bíírò kọ gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń kó owó ọgọ́rùn-ún èèyàn jọ nílò ojú ìwé tó fẹ̀, níbi tí orúkọ, oṣù àti iye owó ti lè tò tẹ̀ lé ara wọn kí àṣìṣe lè hàn síta. Lórí fóònù, ìlà díẹ̀ ni ojú ń rí lẹ́ẹ̀kan, WhatsApp sì ń ké láàárín wọn. Láptọ́ọ̀pù ni ọkọ́ àti àdá ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kò sì yẹ kí ìjọba kankan máa wo irinṣẹ́ bí ẹni ń wo ohun ọ̀ṣọ́.

Ibi tó dùn mí jù lọ ni iná. Láptọ́ọ̀pù kì í jẹ iná púpọ̀. Ẹ wo ara ṣájà yín: 65 watt ni wọ́n kọ sí ọ̀pọ̀ lára, òmíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fi 65 watt ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́jọ, kò pé yúnìtì kan; ó kàn lé díẹ̀ ní ìdajì ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó yúnìtì àwọn tó wà ní Band A láti 68 náírà lọ sí 225. Ariwo ta káàkiri, èmi náà sì pariwo nínú rẹ̀. Síbẹ̀, pẹ̀lú 225 náírà yẹn, iṣẹ́ òòjọ́ kan lórí láptọ́ọ̀pù kò tó 120 náírà. Tálákà lè san án. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iná náà kò sí láti rà. Ilẹ̀ tí èèyàn inú rẹ̀ ju 200 mílíọ̀nù lọ, 4,000 sí 5,000 megawatt là ń pín láàárín ara wa, gbogbo waya ilẹ̀ yìí sì dákú lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún 2024. Wákàtí ogún lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún Band A. Ẹ bi àwọn tó ń gbé àdúgbò tí kò sí nínú Band A ní ohun tí wọ́n ń rí.

Jẹnẹrétọ̀ ló kù. Mo ń sọ ti kékeré, èyí tí à ń gbé jáde síwájú ìta nírọ̀lẹ́ tí à ń fa okùn rẹ̀. Ẹ̀rọ tó lè gbé tẹlifíṣọ̀n, fáànù àti gílóòbù pọ̀ ni, ẹ wá tan án nítorí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo. Jẹnẹrétọ̀ kò mọ̀ pé ohun kékeré ló wà lẹ́yìn òun. Yóò máa yí, epo yóò máa lọ. Lítà kan kì í sábà gbé e kọjá wákàtí mẹ́ta. Ẹ pe lítà ní 900 náírà, wákàtí mẹ́jọ á gba 2,400 náírà, nígbà tí ti waya kò tó 120. Ìlọ́po ogún ni! Ẹ fi ọjọ́ iṣẹ́ 22 nínú oṣù sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí 52,800 náírà, èyí tó sún mọ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó oṣù tó kéré jù lọ. Epo nìkan nìyẹn. A kò tíì pàrọ̀ púlọ́ọ̀gì, a kò tíì ra ọ́ìlì. Kí Ààrẹ Tinúubú tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan kò tó 200 náírà. Wọ́n ṣàlàyé pé owó tí a bá tipa bẹ́ẹ̀ rí ni a ó fi tún nǹkan ṣe. Iná ni mo rò pé ó yẹ kó kọ́kọ́ kàn, torí pé àìsí iná ló ń sọ epo di dandan nínú ilé ẹni tí kò ní mọ́tò.

Owó nìkan kọ́ ló ń lọ. Gbogbo ìwé tó ń kọ́ni ní bí a ṣe ń to ọjọ́ ẹni, ohun tí wọ́n gbà pé ó wà tẹ́lẹ̀ ni pé ẹni náà ló ni àkókò ara rẹ̀: kó kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú kàlẹ́ńdà, aago mẹ́sàn-án fún èyí, aago mọ́kànlá fún tọ̀hún. Níbí, ẹni tó bá mú iná wá ló ń to ọjọ́ fún wa. Tí wọ́n bá mú un wá ní aago kan òru, aago kan òru ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ilé á dìde lọ lọ aṣọ, ọmọ yunifásítì á dìde ṣí láptọ́ọ̀pù, ẹni tó ní fóònù mẹ́ta á máa wá ojú iná kiri nínú òkùnkùn. Wọ́n á fi oorun san gbèsè iná, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á lọ jókòó síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ojú pípọ́n. Ọ̀gá á ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Mo kọ̀ ọ́. Ọ̀lẹ kọ́ lẹni tó ń jí lóru nítorí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, mi ò sì ní yé sọ ọ́ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń gba ọ̀dọ́ nímọ̀ràn pé kó tẹra mọ́ṣẹ́.

Àwọn tí ọwọ́ wọn tó o ti gbé sólà sórí òrùlé. Dọ́là kan náà la fi ń ra páànẹ́ẹ̀lì. Détà ńkọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC fọwọ́ sí i kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdajì kún owó tí wọ́n ń gbà. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, ẹni tó ń ra détà mọ ibi tó ti dun òun.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, wọ́n ṣèlérí mílíọ̀nù kan láptọ́ọ̀pù fún àwọn ọmọ iléèwé, irú èyí tí wọ́n ní kò ní ju 100 dọ́là lọ. Wọ́n dán an wò ní ọdún 2007 ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima, nílùú Àbújá. Mílíọ̀nù kan náà kò dé. Ọ̀ṣun náà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2013: Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, ìwé ìkàwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀, 150,000 ni wọ́n sì ní àwọn fẹ́ pín. Mo gbóríyìn fún èrò yẹn títí dòní. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé nílẹ̀ wa, irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ju gómìnà tó dá a sílẹ̀ lọ. Lọ́dún méjì lẹ́yìn náà, ní 2015, JAMB sọ gbogbo ìdánwò rẹ̀ di ti orí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí ń bá ẹni tó ní tirẹ̀ nílé jókòó sí ìdánwò kan náà. A kò sì lè sọ pé kò sẹ́ni tó gbìyànjú láti to kọ̀ǹpútà níbí: Olóògbé Florence Seriki ṣe é ní Èkó pẹ̀lú Omatek, Leo Stan Ekeh ṣe é pẹ̀lú Zinox láti 2001. Òkè òkun ni ẹ̀yà inú ẹ̀rọ ti ń wá, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń gbé ilé iṣẹ́.

Kí la fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ìwé ìkàwé kò ní VAT. Kí wọ́n ka láptọ́ọ̀pù mọ́ ìwé ìkàwé, kí wọ́n sì yọ gbogbo owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ ní èbúté, pàápàá lórí tòkunbọ̀. Kí iléèwé ìjọba tó ní yàrá kọ̀ǹpútà ṣí i sílẹ̀ fún àdúgbò nírọ̀lẹ́. Ní ti yíyá èèyàn lówó láti ra ẹ̀rọ, kò yẹ kí wọ́n tún dá iléeṣẹ́ tuntun sílẹ̀ tí yóò máa béèrè onídùúró mẹ́ta àti fọ́ọ̀mù ogójì. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wà ní gbogbo ọjà nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n mọ ẹni tó ń san owó àti ẹni tí kì í san. Kí ìjọba gbé owó náà gba ọwọ́ wọn.

Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni obìnrin aránṣọ kan ní àdúgbò wa n'Íbàdàn fi ra láptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ó san án díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kọ́ ọ ní Excel. Tẹ́lẹ̀, inú ìwé olójú-ìlà kan ni gbogbo rẹ̀ máa ń wà, ìwọ̀n àyà ẹni kan lára ojú ewé tí gbèsè ẹlòmíràn wà, kí ọdún Ìléyá tó dé, ewé ti ń já. Ó kó gbogbo oníbàárà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ: ìwọ̀n, ọjọ́ tí wọ́n kó aṣọ wá, àsansílẹ̀, ohun tó kù. Ó wá rí i pé àwọn tó ń pe òun ní àǹtí ni wọ́n jẹ òun lówó jù. Ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ọjọ́ àti iye fún wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn san án láì jiyàn, torí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ jiyàn lé.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìnáwó ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Nígbà tí oṣù parí, ó pè mí wá wò ó. Epo jẹnẹrétọ̀ ló wà lókè téńté, ó ju owó ṣọ́ọ̀bù lọ, ó ju owó ọmọṣẹ́ lọ. Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí ìjọba ṣe fún un, bóyá kí wọ́n fún ọmọ rẹ̀ náà ní láptọ́ọ̀pù. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti ra tèmi, màá ra ti ọmọ mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, kí iná wà. Mo ti ṣírò ó. Wákàtí mẹ́fà yẹn tó mi.”