Ohùn Kọ́ Ni Ó Bàjẹ́: Lórí Orúkọ Àrùn Ẹ̀rọ Agbóhùnsókè Jìtá

Ilé ni à á wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Gbogbo ẹni tí ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá ni ó mọ ìlànà yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ó rọrùn láti tẹ̀ lé. Ibi kan tí olùtumọ̀ ti lè tètè kọsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ‘tone’, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí àwọn onijìtá ń lò, pàápàá èyí tí ó ń fi fáàfù onígíláàsì ṣiṣẹ́. Ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu ni ‘ohùn’. Àṣìṣe ni. Àṣìṣe náà kò sì mọ sí orí ìwé, nítorí pé ó lè mú kí a wá àrùn síbi tí kò sí.

Láti ìgbà tí ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ti jáde, ìdìpọ̀ kìíní ní 1984 lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, èkejì ní 1990 lábẹ́ àbójútó Ọládélé Awóbùlúyì, àwọn olùkọ́ ti ní ohun tí wọ́n lè dì mú. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Ó sì mọ̀ pé ohùn ni ó ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára igba àti ìgbà. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ náà dé inú ẹ̀kọ́ físíìsì, iye ìgbà tí nǹkan ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ohùn dá lé. Okùn karùn-ún jìtá, tí a bá ta á láìfi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, máa ń gbọ̀n ní ìgbà 110. Bí ó ti wù kí àìsàn ẹ̀rọ agbóhùnsókè pọ̀ tó, 110 tí ó wọlé ni yóò jáde. Ohun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe ni kí ó fi 220, 330 àti àwọn mìíràn kún un, tàbí kí ó gé ìsàlẹ̀ ìró náà kúrò. Nítorí náà, onijìtá tí ó ń ṣàròyé pé ‘tone’ òun ti bàjẹ́ kò sọ̀rọ̀ nípa ohùn rárá.

Kí ni ó ń sọ, nígbà náà? Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí Ìwó, ìlú tí a mọ̀ mọ́ odídẹrẹ́. Bí odídẹrẹ́ bá fara wé ènìyàn, ó lè mú ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ láìṣìnà, kí olùgbọ́ sì mọ̀ síbẹ̀ pé ẹyẹ ni. Ohùn bá ti ènìyàn mu, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń dún yàtọ̀. ‘Dídún’ ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ. Àwọn kan lè fẹ́ ‘ìdún’ nítorí pé ó kúrú, ṣùgbọ́n bí òǹtẹ̀wé bá gbàgbé àmì ohùn kan péré, ìdun tí ń jẹ ènìyàn lórí ibùsùn ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Jìtá ti wà nínú orin jùjú láti ìgbà Túndé King ní Èkó ní àwọn ọdún 1930. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ẹ̀rọ agbóhùnsókè wọ inú orin náà, tí jìtá fi lè dún láàárín gángan àti àwọn ìlù mìíràn láìjẹ́ pé wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Fáàfù ni ó ń ṣiṣẹ́ náà nígbà náà: irú oníbejì tí Fleming ṣe ní 1904, àti irú ẹlẹ́ẹ̀ta tí de Forest ṣe ní 1906, èyí tí ó kọ́kọ́ lè sọ ìró kékeré di ńlá. Tìránsítọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1947 ti gba ipò rẹ̀ nínú rédíò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onijìtá káàkiri ayé kò fi fáàfù sílẹ̀ títí di òní, nítorí dídún rẹ̀ gan-an.

Kí òǹkàwé fi ojú inú wo ṣọ́ọ̀bù atún-rédíò-ṣe kan ní Ilé-Ogbó, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédire. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé: “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ohùn jìtá mi ti bàjẹ́.” Ọ̀gá náà kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀rọ. Ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ bi í: “Ṣé ó ń kùn ni, àbí ó ń ta? Ṣé ó ń han ni? Àbí kò rinlẹ̀ mọ́?” Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin, ọ̀nà mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ‘ohùn’ tí oníbàárà sọ kò ràn án lọ́wọ́. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ni yóò darí ọwọ́ rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá ń kùn bí oyin, tí kíkùn náà kò sì dúró nígbà tí a yọ jìtá kúrò, kàpásítọ̀ ńlá tí ó ń tún iná ṣe ni a sábà máa ń fura sí. Ìgbà 50 ni iná ilé wa ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí kàpásítọ̀ bá ti gbẹ, a óò gbọ́ kíkùn ìgbà 100. Bí ó bá ń ta pàràpàrà bí iná oko, ìdọ̀tí lè wà nídìí bọ́tìnnì tí a ń yí tàbí ní ìtẹ́ fáàfù, ó sì lè jẹ́ résísítọ̀ ni ó ń kú lọ. Bí ó bá ń han bí ẹlẹ́dẹ̀, kí a fi igi pẹ́ńsù rọra kan fáàfù lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá dáhùn nínú sípíkà ni ó ní àrùn. Bí dídún rẹ̀ bá di tín-ín-rín, kàpásítọ̀ kékeré kan lè ti kú. Bí kò bá sì rinlẹ̀, tí ó ń tètè fọ́, fáàfù alágbára lè ti gbó, tàbí kí iná àdúgbò ti lọ sílẹ̀. Fáàfù tí ó ń fi 6.3 fólítì gbóná nígbà tí iná jẹ́ 230 kò ní rí ju 4.7 lọ bí iná bá wá sí 170. Ẹ̀rọ náà kò ṣàìsàn. Oúnjẹ ni kò jẹ yó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó ju ọ̀rọ̀ dídún lọ. Yorùbá máa ń pa iná, wọ́n máa ń pa ẹ̀rọ. Ohun tí a bá sì ti pa, a gbà pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n kàpásítọ̀ inú ẹ̀rọ fáàfù lè di iná tí ó ju 300 fólítì mú lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri. Ẹ̀rọ tí a ti pa tún lè pa ènìyàn. Ìwé ẹ̀kọ́ tí ó bá kọ ‘pa ẹ̀rọ kí o tó tú u’, tí ó sì dúró síbẹ̀, ti fi akẹ́kọ̀ọ́ sínú ewu. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀-ìperí méjì wà: ‘pípa ẹ̀rọ’ àti ‘fífa iná gbẹ’, kí a sì kọ́ ọmọ-iṣẹ́ pé èkejì, tí ọ̀gá fi mítà jẹ́rìí sí, ni ó ń fún un ní àṣẹ láti fi ọwọ́ kan inú rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé nígbà tí fáàfù, kàpásítọ̀ àti sípíkà jẹ́ ọ̀rọ̀-àyálò, kò sí ohun tí ó burú bí a bá yá gbogbo rẹ̀. Ohun èlò ni a lè yá pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Bí etí ṣe ń gbọ́ nǹkan kò ṣe é yá, nítorí pé Yorùbá ti ń fi etí mọ oyin, iná oko àti ẹlẹ́dẹ̀ kí jìtá tó dé. Ètò ẹ̀kọ́ Yorùbá tí Babátúndé Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní Ifẹ̀ láti 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó kù ni kí àwọn onímọ̀ èdè lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣẹ̀dá tiwọn. Ilé tí ó yẹ kí a wò kí a tó sọ ọmọ yìí ní orúkọ ni ṣọ́ọ̀bù náà.