Òdo Tí Ẹnikẹ́ni Kò Wọ̀n

Nígbà tí Albert Einstein gbé àbá rẹ̀ lórí agbára òòfà kalẹ̀ ní ọdún 1915, ohun tó sọ ni pé gbogbo ohun tó wúwo ló ń tẹ àyè àti àkókò, títẹ̀ yẹn ló sì ń mú ayé yí oòrùn ká, òun náà ló ń já èso bọ́ láti orí igi. Títẹ̀ nìkan ló gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀, okùn tó ṣeé tẹ̀ ṣeé lọ́ pẹ̀lú, Élie Cartan, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, sì fi hàn ní ọdún 1922 pé àyè náà lè rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni méjì bá gbéra lójú kan, tí ọ̀kan gbé ìṣísẹ̀ kín-ín-kín-ín síwájú kó tó gbé òmíràn sí ọ̀tún, tí èkejì sì fi ti ọ̀tún ṣáájú, ibì kan náà ló yẹ kí àwọn méjèèjì dé. Níbi tí àyè bá ti lọ́, wọn kò ní pàdé. Einstein ka lílọ́ yìí sí òdo láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé àyẹ̀wò kankan sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Èrò mi ni pé kò yẹ kí a máa fi òdo yẹn kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí ohun tí ẹ̀rí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ ni ìlànà tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń pè ní gauge. Ìlànà náà ní kí ojú kọ̀ọ̀kan nínú àyè yan òṣùwọ̀n tirẹ̀, kí òfin ẹ̀dá má sì torí ẹ̀ yí padà. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, agbára kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa so òṣùwọ̀n ibí pọ̀ mọ́ ti ọ̀hún. Hermann Weyl fi èyí ṣàlàyé agbára iná mànàmáná ní 1929, Yang àti Mills fẹ̀ ẹ́ lójú ní 1954, orí rẹ̀ sì ni àlàyé àwọn agbára inú kókó átọ́ọ̀mù dúró lé lónìí. Utiyama, ọmọ Japan, gbé ìbéèrè náà dé ọ̀dọ̀ òòfà ní 1956. Nígbà tí Tom Kibble ní London àti Dennis Sciama ní Cambridge fi parí iṣẹ́ náà ní nǹkan bí ọdún 1961 sí 1962, ohun méjì ló jáde: ìwúwo ń tẹ àyè, yíyí àbínibí àwọn ohun kékeré bí electron sì ń lọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó fipá ti lílọ́ wọlé. Ìlànà tí a fọkàn tán fún àwọn agbára yòókù ló mú un wá fúnra rẹ̀, yíyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ títí di 1925 ló sì bá a mu wẹ́kú.

Àwọn kan á ní ẹnikẹ́ni kò tíì rí lílọ́ yìí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìṣirò náà fúnra rẹ̀ ló ní a kò ní tètè rí i: lílọ́ kì í rìn jáde sínú òfìfo, inú ohun tó ń yí nìkan ló ń gbé, kò sì ní lágbára àfi bí electron bá dì pọ̀ tó 10⁴⁷ gíráàmù nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan, nígbà tí kókó átọ́ọ̀mù kò ju nǹkan bíi 10¹⁴ lọ. Sátẹ́láìtì Gravity Probe B, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sójú sánmà ní 2004, gbè ọ̀rọ̀ Einstein lẹ́yìn. Àmọ́ bọ́ọ̀lù quartz tó ń pòòyì ni wọ́n fi wọ̀n, yíyí inú electron rẹ̀ kò sì dojú kọ apá kan náà. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá àyè lọ́.

Àtakò Steven Weinberg, onímọ̀ físíìsì, ló wúwo jù. Ó ní kò sí ohun àrà ọ̀tọ̀ nínú lílọ́, pé èròjà ìṣirò kan lásán ni tí a lè fi kún àbá Einstein. Mo gbà pé ìṣirò fàyè gba èyí. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń fi èròjà kún un fọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò yan bí agbára rẹ̀ ṣe máa tó. Nínú àbá Kibble àti Sciama, bí a bá mú ọ̀nà tó rọrùn jù, nọ́ńbà Newton fún agbára òòfà, tí a ti mọ̀ tipẹ́, ló pinnu rẹ̀, kò sì béèrè nọ́ńbà tuntun. Àbá tó fọwọ́ sọ̀yà báyìí ṣeé já nírọ́. Trautman tilẹ̀ ṣírò ní 1973 pé lílọ́ lè má jẹ́ kí àgbáyé wó pọ̀ di ojú kan ṣoṣo. Ìṣirò àwọn mìíràn lórí electron já sí òdìkejì. Àríyànjiyàn yẹn kò tíì parí, òun gan-an ni kò sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ pàdánù.

Irinṣẹ́ tó lè wádìí náà sì ti wà. Ní yunifásítì Washington ní Seattle, wọ́n ti so òṣùwọ̀n kan rọ̀ tí yíyí nǹkan bíi 10²³ electron inú rẹ̀ dojú kọ apá kan náà. Ní 2008, Kostelecký àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ láti fi ààlà sí bí lílọ́ ṣe lè pọ̀ tó láyìíká wa. Irú iṣẹ́ yìí ló yẹ kí a máa náwó sí.