Kí ẹ tó ra main metal, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára kránkì

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ẹni tí kò bá ní mọ́tò lè kọjá, àmọ́ kó má sọ pé mi ò sọ fún òun lọ́jọ́ tí tirẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kò-kò-kò lórí Beltway.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ń tún mọ́tò ṣe ní Bladensburg la ń fa ọ̀rọ̀ yìí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mushin ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ Ladípọ̀ níbẹ̀, ọwọ́ wọn mọ́, èmi gan-an kì í gbé mọ́tò mi fún ẹlòmíì. Ẹ́ńjìnnì kan wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn báyìí: Camry 2009 oní-cylinder mẹ́rin, èyí tí à ń pè ní Muscle nílé. Ti àǹtí kan ni, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru, tí wọ́n ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Lanham ni wọ́n ń gbé. Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, Uber ni wọ́n ń gbé lọ, Uber ni wọ́n ń gbé bọ̀, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀.

Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n rí i pé main metal ti jẹ. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn á ra standard, àwọn á fi bóòtù àtijọ́ dì í padà, ó parí. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, kò tíì parí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Dókítà, ìwé lo mọ̀. Ó yá, gbé e lọ sórí Facebook, jẹ́ kí àwọn èèyàn dá sí i." Àwọn fúnra wọn ló rán mi níṣẹ́ o, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní aláìmọ̀wàáhù.

Main metal kì í ṣe bíárìn oníbọ́ọ̀lù bíi ti táyà. Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n tẹ̀ bí ìdajì òrùka. Méjì méjì ni wọ́n máa ń pàdé láti yí ọrùn kránkì ká. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, irin kránkì kò gbọ́dọ̀ kan metal yẹn rárá. Orí ọ́ìlì ló ń yí. Àlàfo tí ọ́ìlì ń gbà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò bíi tiwa kò ju bíi 0.02 sí 0.05 mm lọ. Irun orí ọ̀pọ̀ èèyàn nípọn ju ìyẹn lọ. Tó bá fún jù, ọ́ìlì kò ní ráyè wọlé, irin á gbóná, á gé ara wọn. Tó bá fẹ̀ jù, ọ́ìlì á máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, agbára rẹ̀ á wálẹ̀, ariwo á tún padà dé. Nǹkan tí à ń wá kò tó ojú abẹ́rẹ́, ẹ sì ní kí n lọ béèrè "standard" lórí káńtà.

Kí tiẹ̀ ni standard? Toyota fúnra wọn kò ní standard kan ṣoṣo. Wọ́n mọ̀ pé kò sí bí ẹ̀rọ ṣe lè gé irin tí gbogbo rẹ̀ á dọ́gba pátápátá, nítorí náà wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sára blọ́ọ̀kù, wọ́n sì ń tẹ òmíràn sára kránkì, fún ibi ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó ro méjèèjì pọ̀, ẹ ó wá wo tábìlì tó wà nínú ìwé àtúnṣe ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an, òun ló máa sọ nọ́ńbà metal tí ẹ máa rà. Honda náà ń ṣe irú rẹ̀, àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá tiwọn mọ̀: pupa, píǹkì, yẹ́lò, gíríìnì, búráùn, dúdú, búlúù. Nínú ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, ibi ìjókòó kìíní lè gba nọ́ńbà kan kí ìkẹta gba òmíràn. Páálí tí wọ́n kọ STD sí lára, ìwọ̀n kan náà ló wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ibi ìjókòó. Ó lè bá a mu. Ẹ̀gbọ́n ní ó ti ń bá a mu fún àwọn láti ogún ọdún, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tún nọ́ọ̀kì lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ kì í sábà padà wá, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló ń lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì náà sì ni wọ́n ti tẹ nọ́ńbà yẹn. Tí kránkì bá ti jẹ tàbí tó ti họ, nọ́ńbà nìkan kò tó mọ́, àfi kí wọ́n fi micrometer wọn ọrùn rẹ̀. Tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ ní machine shop, metal tí wọ́n kọ 0.25 sí lára lè wá jẹ́ tirẹ̀, kì í tún ṣe standard mọ́. Lẹ́yìn èyí ni Plastigage, okùn rọ́bà tín-tìn-tín tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ọrùn kránkì, ẹ dì í bó ṣe yẹ, ẹ má yí kránkì o, ẹ tú u, ẹ wo bó ṣe fẹ̀ sí. Ìṣẹ́jú mélòó ni? Ẹni tó bá gba owó reburíìdì tí kò ṣe èyí, tèmi ni pé ó yẹ kó ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ní ti bóòtù, mo gbà fún ẹ̀gbọ́n níbì kan. Ọ̀pọ̀ bóòtù ìsinsìnyí, ẹ ó kọ́kọ́ fún un dé ìwọ̀n kan, ẹ ó tún wá yí i ní 90° sí i. Nínà ló ń nà, nínà yẹn ló fi ń di nǹkan mú. Òmíràn nà tán, kò padà sípò mọ́. Ìwé Toyota fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ní kí a wọn ibi tó nà yẹn, tí kò bá tíì tín-ín-rín ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ lọ, a lè lò ó padà. Nítorí náà bóòtù àtijọ́ kì í ṣe èèwọ̀. Èèwọ̀ ni kéèyàn kàn fi ojú wò ó. Tí kò bá sì sí caliper nílẹ̀, ẹ ra tuntun.

Àwọn ọmọ YouTube á ní kí a ra stud ARP. Ilé-iṣẹ́ tó ti wà ní Kalifọ́níà láti 1968 ni, ohun tí wọ́n ń ṣe lágbára lóòótọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé tí ohun tó ń di nǹkan mú bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ihò róbótó tí metal jókòó sí lè yí padà, a lè ní láti gbé blọ́ọ̀kù lọ kí wọ́n tún ihò náà lọ̀. Àǹtí kò lọ sáré ìje ní Budds Creek, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ. Bóòtù ilé-iṣẹ́ ti tó wọn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ìdọ̀tí. Ní oṣù karùn-ún 2024, Toyota pe nǹkan bíi 102,000 mọ́tò padà ní Amẹ́ríkà, Tundra àti Lexus LX ti 2022 àti 2023, torí èérún irin tí wọn kò fọ̀ tán nínú ẹ́ńjìnnì lè ba main metal jẹ́. Toyota o, pẹ̀lú gbogbo ilé-iṣẹ́ wọn! Ṣé àwa tí à ń tú ẹ́ńjìnnì nínú ọgbà, tí eruku Kenilworth Avenue ń fẹ́ bá, la ò ní ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ihò ọ́ìlì kránkì? (Ẹ̀yin tí ẹ ń gun Sonata 2011 àti 2012, wọ́n pe tiyín náà ní 2015, nǹkan bíi 470,000. Ẹ tẹ VIN yín sórí ìkànnì NHTSA kí ẹ tó náwó.)

Ó ku ọ̀kan tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́. Ẹ́ńjìnnì Muscle 2.4 yẹn, òkìkí rẹ̀ ti kàn pé ó máa ń mu ọ́ìlì, ring písítìnì ló ń fà á. Àǹtí ní àwọn kò wo gééjì ọ́ìlì rí, àfi tí wọ́n bá lọ ṣe sáfíìsì. Tí a bá fi metal olówó iyebíye sí i tí a kò fọwọ́ kan ring, ọ́ìlì á tún gbẹ, a ó tún pàdé níbí.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ń kà á. Ẹ má tíì dì í. Mo ti yá micrometer, mo ń bọ̀ ní Sátidé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ọ̀rá bo kránkì yẹn, ìta ni mo ti rí i lánàá. Ẹni tó bá mọ machine shop tó dáa lápá Hyattsville tàbí Laurel, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀.