Ẹ Wo Ọwọ́ Ọmọ Yín Nídìí Géèmù

Ọ̀rọ̀ géèmù ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ti máa ń sọ ọ́.

Ohun tí a máa ń jà lé lórí ni pé ṣé kí ọmọ gbá géèmù ni àbí kó má gbá a. Bàbá á ní òun yóò la ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀. Ìyá á ní ó sàn kí ọmọ wà nílé ju kó máa rìn kiri lọ. Àlùfáà á ní kí wọ́n má ṣáà jẹ́ kó gba àkókò ìrun. Kò sí èyí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ nínú gbogbo awuyewuye yìí, n kò tíì gbọ́ kí òbí kan béèrè pé, báwo ni ọmọ yìí tilẹ̀ ṣe di páàdì mú? Ọwọ́ yìí náà ni yóò fi kọ̀wé ìdánwò. Òun ni yóò fi kọ wàláà nílé-kéwú, òun ni yóò fi fọ aṣọ, òun ni yóò tẹ́ sílẹ̀ nígbà ìforíkanlẹ̀. Lójú tèmi, òbí tó ti gbà kí géèmù wọ ilé rẹ̀ kò tíì ṣe tán bí kò bá wo ọwọ́ ọmọ náà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í sún mọ́ ọn, páàdì ni ohun tí ọmọ ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú bó bá ń gbá géèmù lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pá kékeré méjì ló wà lójú rẹ̀, ọ̀kan fún àtàǹpàkò òsì, ọ̀kan fún ti ọ̀tún. Bọ́tìnnì mẹ́rin wà lókè ọ̀pá ọ̀tún, àwọn mìíràn sì wà ní èjìká páàdì níbi tí ìka ìfábẹ̀lá ń sinmi lé. Láti ọdún 1997 tí ilé-iṣẹ́ Sony ti gbé DualShock jáde fún PlayStation ni ìrísí rẹ̀ ti rí báyìí, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjì ni wọ́n dì ru àtàǹpàkò ọ̀tún. Òun ló ń darí ọ̀pá, òun náà ló gbọ́dọ̀ máa tẹ bọ́tìnnì mẹ́rin, kò sì lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú géèmù ogun, ọ̀pá yẹn ni wọ́n fi ń wo ọ̀tún wo òsì. Bí àtàǹpàkò bá fi í sílẹ̀ láti lọ tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń fò, ọmọ-ogun náà kò lè yíjú mọ́ títí yóò fi padà, ọ̀tá á sì ti pa á.

Nítorí èyí ni àwọn agbágéèmù ṣe hùmọ̀ ọgbọ́n kan. Wọ́n á fi àtàǹpàkò sílẹ̀ lórí ọ̀pá, wọ́n á wá ká ìka ìfábẹ̀lá bí ìkọ́ kọjá èjìká páàdì wá sórí bọ́tìnnì. Bí ẹ bá wo ọwọ́ náà, àfi bí ìgbà tí àwòdì fẹ́ gbé òròmọdìyẹ. Claw ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn èékánná ẹyẹ. Èmi yóò máa pè é ní ìdìmú àwòdì. Kì í ṣe ohun tó dé lánàá. Nígbà tí géèmù Monster Hunter dé orí ẹ̀rọ àgbéléwọ́ PSP ní Japan lọ́dún 2005, ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà lára ẹ̀rọ náà. Bí àtàǹpàkò òsì ti ń fi ọ̀pá rìn, ìka ìfábẹ̀lá òsì ní láti ká wá sórí àwọn bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí ojú ìwòran. Ìdìmú náà gbilẹ̀ débi pé orúkọ géèmù yẹn ni wọ́n fi ń pè é níbẹ̀.

Lónìí, orí YouTube ni àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ ọ. Àwọn tó ń gbá géèmù ogun lórí fóònù náà ní tiwọn: ìka mẹ́rin lójú gíláàsì, ọmọńdinrín ló sì ń ru gbogbo ẹrù fóònù lábẹ́.

Kí ló wá burú níbẹ̀? Ẹ dán an wò báyìí láì mú páàdì kankan. Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ẹ ká ìka ìfábẹ̀lá bí ìkọ́, ẹ gbé e sókè díẹ̀ kó má fara kan nǹkan kan, kí ẹ sì mú un dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ ó mọ̀ ọ́n ní apá, láàárín ìgbọ̀nwọ́ sí ọrùn ọwọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹran ara tó ń fa ìka wà. Iṣan tó so ẹran yẹn mọ́ ìka ń gba inú àpò tóóró kọjá ní ọrùn ọwọ́, bí okùn ṣòkòtò ṣe ń gba ojú okùn kọjá. Bí okùn náà bá ń lọ tó ń bọ̀ láì sinmi, tí ọrùn ọwọ́ sì tẹ̀ kọ́rọ́, àpò á nípọn, ọ̀nà á há, ìrora á dé.

Èyí tó máa ń mú ìdí àtàǹpàkò ni wọ́n fi orúkọ Fritz de Quervain pè, oníṣègùn ọmọ Switzerland tó ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1895. Kò sí géèmù orí tẹlifíṣọ̀n kankan láyé nígbà náà. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun mọ ìrora yìí dáadáa bí wọn ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: kí a máa fi ọwọ́ méjèèjì ki ọmọ lábẹ́ abíyá gbé, pẹ̀lú àtàǹpàkò ní yíyà, nígbà tí kò níye lójúmọ́, ó tó ó fà á. Nítorí náà, ìyá tí èyí ti ṣe rí kò gbọ́dọ̀ pe ọmọ rẹ̀ lọ́lẹ bó bá ní ọwọ́ ń dun òun.

Lọ́dún 1990, dókítà kan, Richard Brasington, kọ̀wé sí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, New England Journal of Medicine, nípa ẹni tó ní ìrora líle ní àtàǹpàkò ọ̀tún lẹ́yìn tó gbá géèmù Nintendo fún wákàtí márùn-ún gbáko láì dúró. Ẹ lè máa rò pé ọmọdé ni. Obìnrin ẹni ọdún 35 ni. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí ni ilé-iṣẹ́ Nintendo fúnra rẹ̀ gbà láti pín ìbọ̀wọ́ fún àwọn ará Amẹ́ríkà, nítorí pé àwọn ọmọ tó ń gbá Mario Party ti pa àtàǹpàkò tì, àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń yí ọ̀pá páàdì kó lè yára, títí àtẹ́lẹwọ́ fi ń bó. Ẹni tó bá fẹ́ borí kì í ro ti awọ ara rẹ̀.

N kò sọ pé ìdìmú àwòdì léèwọ̀, tàbí pé gbogbo ẹni tó bá lò ó ni yóò ṣàìsàn. Àwọn kan ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti gbó. Páàdì kan náà ni ọmọ ọdún mẹ́wàá ń dì mú, ìka tirẹ̀ sì ní láti na tán kó tó lè ká.

Ibi tí a ń gbé náà ń dá kún un. Ọmọ tó mọ̀ pé iná yóò wà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú lè dìde kó nara. Ọmọ Baṣọ̀run tó mọ̀ pé wọ́n lè mú iná lọ nígbàkígbà kò ní dìde. Bí wọ́n bá mú un dé lọ́sàn-án Sátidé, wákàtí mẹ́rin lè kọjá kó má mira. Ní ṣọ́ọ̀bù géèmù àdúgbò, bẹ́ǹṣì tí kò ní ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó lé, okùn páàdì kúrú, bọ́tìnnì sì ti gbó débi pé èèyàn ní láti fi agbára tẹ̀ ẹ́ kó tó jẹ́. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ń gbowó lórí géèmù kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó lè fi díẹ̀ níbẹ̀ pààrọ̀ páàdì tó ti gbó. Ní ti àṣà pé ẹni tó bá fìdí rẹmi ni yóò san owó àwọn méjèèjì, abala ìlera ni mo ń kọ, ẹ lọ bi àlùfáà yín, àmọ́ mo mọ̀ pé ọmọ tí owó rẹ̀ wà lórí géèmù máa ń fún páàdì mọ́wọ́ bí ẹni ń fún aṣọ tútù.

Páàdì ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí àpólò bá wà nígboro, ẹni tó fọwọ́ pa ojú tó sì mú páàdì ti fún ẹni tó kàn ní tirẹ̀. Kí wọ́n yọ okùn rẹ̀ kúrò lára iná, kí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n ta sípíríìtì díẹ̀ sí nù ún lóòjọ́, kí ọmọ sì fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó jẹ búrẹ́dì tàbí pọfupọ́ọ̀fù. Ọ̀rọ̀ ìyẹn kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí wá ni ká ṣe? Ohun tí mo ń sọ fún àwọn òbí ni pé ẹ̀rọ ló yẹ kó tẹ̀ sí ara. Ara kọ́ ló yẹ kó tẹ̀ sí ẹ̀rọ. Láti ọdún 2015 ni PlayStation 4 ti ní ibi tí a ti lè pààrọ̀ iṣẹ́ bọ́tìnnì, nínú Settings, lábẹ́ Accessibility. Bí ọmọ bá gbé iṣẹ́ fífò lọ sí bọ́tìnnì èjìká, àtàǹpàkò rẹ̀ kò ní kúrò lórí ọ̀pá mọ́, kò sì ní nílò èékánná àwòdì kankan. Kò ná an ní kọ́bọ̀. Yóò gbá a burúkú fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á sì mọ̀ ọ́n níkẹyìn. Páàdì tó ní ìtẹ̀ lẹ́yìn fún ìka àárín náà wà, bí irú Xbox Elite tó jáde lọ́dún 2015 kan náà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó tí mo lè ní kí ẹ lọ ná.

Kí páàdì jókòó lórí itan tàbí lórí ìrọ̀rí. Kí ìgbọ̀nwọ́ sún mọ́ ìhà, kí ọrùn ọwọ́ wà gbọọrọ, kó sì dì í mú bí ẹni mú ẹyin adìyẹ. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó gbé e sílẹ̀, kó rìn dé ẹnu ọ̀nà kó padà.

Àwọn ará kan a máa sọ pé ìrun márùn-ún ti tó ìsinmi fún ọmọ Mùsùlùmí. Mo gbà pé àlùwàlá dára fún ọwọ́: omi tútù, fífi ìka bọ àárín ìka, fífọ apá dé ìgbọ̀nwọ́. Ṣùgbọ́n láti Alásàrí sí Mọ̀gárìbì ní Ìbàdàn níbí, ó lé ní wákàtí méjì, àkókò yẹn gan-an sì ni ọmọ ti ilé-ìwé dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tó ń sáré kírun kó lè tètè padà sídìí páàdì kò tíì sinmi, ká má tíì sọ ti ìrun náà.

Ọmọ tí ara rẹ̀ yàtọ̀ tún wà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan rọ lè gbé páàdì sórí tábìlì kó máa fi ọwọ́ kan gbá a, tàbí kó lo àgbọ̀n tàbí ẹsẹ̀. Mo ti gbọ́ kí àgbàlagbà jágbe mọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń mú un nìyẹn?" Bí wọ́n ṣe ń mú un nìyẹn. Microsoft ṣe páàdì pẹrẹsẹ kan fún irú wọn lọ́dún 2018, èyí tí a lè so bọ́tìnnì ẹsẹ̀ tàbí ti ìgbọ̀nwọ́ mọ́. Sony náà gbé tirẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Tábìlì ilé yín náà ń ṣiṣẹ́ yẹn dé àyè kan. Ẹ sì má bá ọmọ jà nítorí ọwọ́ òsì tó fi ń gbá géèmù. Oúnjẹ kọ́ ló ń jẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ ọmọ yín ti ń ṣe é, ẹ má bi í, torí pé kò ní sọ kí ẹ má baà gba páàdì. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà ìforíkanlẹ̀. Ọmọ tí ọrùn ọwọ́ ń dùn lè kọ̀ láti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kó di ìkúùkù, tàbí kó gbé ara lé apá kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó ká àtàǹpàkò sínú, kó di ìkúùkù lé e, kó wá rọra tẹ ọrùn ọwọ́ sí ìhà ọmọńdinrín. Bí ìrora bá gún un ní ìdí àtàǹpàkò, àyẹ̀wò yìí nìkan kò tó láti fi dájọ́, ṣùgbọ́n ìsinmi ti di dandan. Ẹ fi omi tútù tàbí yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ìka náà kó dún, ẹ má sì fi oògùn ìrora bò ó mọ́lẹ̀ kó lè padà sídìí géèmù.

Bí kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. UCH kò jìnnà sí wa, wọ́n sì ní àwọn onífisiotẹ́rápì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìka ń kú tipiri lóru, tàbí pé ife ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì rárá.