Kí Ọkọ̀ Tó Ṣí, Ẹ Ṣí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹni tí ó bá ti ka ojú ìwé ìròyìn ẹbí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa yóò ti rí i pé ìgbéyàwó mẹ́ta ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní nílé láàárín oṣù yìí àti èyí tí ń bọ̀, àti ìsìnkú ìyá àgbà kan tí ó fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sáyé lọ. Ọkọ̀ wa yóò pọ̀ lójú ọ̀nà nìyẹn. Apá kan yóò gba Òrè lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Èkó. Apá kan yóò gba Ọ̀wọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, Iléṣà àti Òṣogbo. Aṣọ ẹbí ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, a ti ń bá àwọn oníṣu Ekiosa nájà, a sì ti ń ka iye orí tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Ohun kan ṣoṣo tí a kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì inú mọ́tò náà.

A fẹ́ sọ ọ́, nítorí pé ó ti kàn wá rí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń ta gàrí àti èlùbọ́ ní Ekiosa fi ọdún pípẹ́ dá àjọ, ó yá díẹ̀ kún un lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó sì ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ kan. Ó gbé e fún dírẹ́bà kí ó máa fi ná ọ̀nà Èkó, kí ó sì máa mú iye kan wá fún òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Dírẹ́bà náà kì í jalè, kì í sì í mutí. Ní ọjọ́ kan tí ó kó èrò, bí wọ́n ti kọjá Ofosu ni iná pupa kan tàn níwájú rẹ̀. Àwọn èrò ń kánjú, òun náà sì wí nínú ara rẹ̀ pé kí òun dé Òrè ná, òun yóò ra ọ́ìlì níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà kò bá wọn dé Òrè. Ó dún kò-kò-kò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì gan. Owó tí ìyá yìí fi ra ẹ́ńjìnnì mìíràn ní Uwelu, owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ náà sì jókòó sílé fún sáà kan gbáko. Nígbà tí a bi í bóyá ó ti wo géèjì ọ́ìlì ọkọ̀ náà rí, ó ní òun rò pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé yìí, kí ó má bàa ṣe ẹlòmíràn.

Iná pupa yẹn ni kí a kọ́kọ́ mọ̀. Ó dà bí àgé kékeré tí epo ń kán lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan rò pé ohun tí ó ń sọ ni pé ọ́ìlì ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, bí iná bẹntiróòlù ti máa ń kìlọ̀ kí a tó dé ilé epo. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ń sọ pé agbára tí ń ti ọ́ìlì kiri inú ẹ́ńjìnnì ti lọ sílẹ̀, pé irin ti fẹ́ máa fi ara gbo irin nísinsìnyí. Kí a yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí kò léwu, kí a pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí ẹnìkan sì wọ ọkọ̀ mìíràn lọ ra ọ́ìlì wá. Bí ọ́ìlì bá pé lórí géèjì tí iná náà kò sì kú, kí a fi okùn fa ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Kí a má ṣe wà á. Àwọn ọkọ̀ tuntun mìíràn ní iná aláwọ̀ ìyeyè fún ọ́ìlì tí ó dín. Ìyẹn yàtọ̀, ó fún wa láyè díẹ̀. Pupa kò fún ẹnikẹ́ni láyè.

Nínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá irin ńlá kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kíránkì. Kò fi ara kan irin tí ó gbé e ró. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni ó wà láàárín wọn, lórí rẹ̀ ni kíránkì sì ń yí nígbà 2,000 tàbí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí a bá ń sáré lọ sílé. Ọ́ìlì kan náà ni ó ń gbé ooru kúrò, òun náà ni ó ń kó èérí mọ́ra. Ìdí nìyí tí ó fi ń dúdú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fòyà pé ó dúdú.

Wíwò rẹ̀ kò ṣòro ju títọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò lọ. Ní àárọ̀, kí a tó tan ọkọ̀, nígbà tí ó wà lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí a fa ọ̀pá géèjì yọ, kí a fi àkísà nù ún, kí a tì í padà dé ìdí, kí a sì fà á yọ lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà kejì yìí ni ó ń sọ òtítọ́. Àmì méjì ni ó wà lára rẹ̀. Kí ọ́ìlì wà láàárín wọn, kí ó súnmọ́ ti òkè. Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, láti àmì ìsàlẹ̀ dé ti òkè tó nǹkan bí lítà 1. Kí a má ṣe bu ún kọjá àmì òkè nítorí ọ̀làwọ́: kíránkì yóò máa lù ú bí ẹni ń po ọṣẹ, yóò hó, ọ́ìlì tí ó bá sì ti di ìfófòó kò lè gbé irin ró. Bí a bá fà á yọ tí ó rí bíi tíì tí a bu mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí gáásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó. Ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ lọ sí ìgbéyàwó kankan.

Ní ti pípààrọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí Volkswagen ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní 1975. Lítà 2 àti ààbọ̀ péré ni ọ́ìlì rẹ̀. Kò ní fílítà oníbébà bí ti òde òní, asẹ́ wáyà kékeré kan ni ó ní, nítorí náà bí ó bá ti rin 3,000 máìlì, a ó da ọ́ìlì rẹ̀ nù. Èyí jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà, iye yìí ni ó sì wà lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì wa títí di òní. A kò bá wọn jiyàn. Ìwé tí ó bá ọkọ̀ tuntun wá lè fún wa láyè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìwé kan náà a máa sọ pé kí a dín in kù níbi tí eruku bá pọ̀, níbi ìrìn kúkúrú, àti níbi dúró-díẹ̀-rìn-díẹ̀. Láti Ring Road dé Ekiosa ní ìrọ̀lẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

Ohun kan wà tí ó ń tan ènìyàn jẹ. Tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni ó ń kà, kì í ṣe kìlómítà. 5,000 lójú rẹ̀ jẹ́ 8,000 kìlómítà. Bí mẹkáníìkì bá kọ 5,000 sí bébà fún yín, ẹ bi í pé èwo ni ó ń sọ.

Ẹ kíyè sí nọ́ńbà ara ike ọ́ìlì pẹ̀lú. W inú 20W-50 dúró fún ìgbà òtútù àwọn òyìnbó. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé e ni ti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, bí ó bá sì ti tóbi tó ni ọ́ìlì náà ti ki tó. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, 5W-30 tàbí 0W-20 ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì wọn fún, ihò tí ọ́ìlì ń gbà nínú wọn sì há. Nítorí náà ìwé ọkọ̀ ni kí a bi, kì í ṣe àṣà ìdí mẹkáníìkì. Ọ́ìlì ayédèrú sì wà káàkiri Nàìjíríà: èyí tí a ti lò rí, tí a sẹ́, tí a sì rọ sínú ike tí ó dán. Kí a rà á lọ́wọ́ ẹni tí a mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí a wò ó bóyá ìdérí rẹ̀ ti já tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a bá lò ó tán, kí a dá ike náà lu kí ó má bàa tún padà sọ́jà. Ẹ̀yin ìyá alépo, ẹ jọ̀wọ́, ike ọ́ìlì mọ́tò kì í ṣe ohun tí à ń fọ̀ láti rọ epo pupa sí, bí ó ti wù kí ọṣẹ pọ̀ tó.

Omi ni ó kàn. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, ó sì dà bí ẹni pé àwọn kan nínú wa jogún àìbìkítà omi láti ibẹ̀. Kí a wo ike omi ní àárọ̀ nígbà tí ọkọ̀ tutù. Bí ọkọ̀ bá gbóná, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀. Ìdérí náà ni ó tẹ omi mọ́lẹ̀ tí kò fi hó ní 100 bí ti inú ìkòkò. Ó lè gbóná dé nǹkan bí 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius láìhó. Ní ìṣẹ́jú tí a bá ṣí i, gbogbo rẹ̀ a hó lẹ́ẹ̀kan náà, a sì tú sí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lójú àti láyà. Kúláǹtì sàn ju omi kànga lọ, nítorí ó ní ohun tí kì í jẹ́ kí inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà. Àwọn mẹkáníìkì kan a sì máa yọ tẹmósítáàtì jù nù, wọ́n á ní a kò nílò rẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru. A kò fara mọ́ èyí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ìwọ̀n ooru tí a ṣe é fún. Ẹ́ńjìnnì tí kò móoru tó ń jẹ epo lásán, ọ́ìlì rẹ̀ sì ń tètè bàjẹ́.

Ọ́ìlì bíréèkì kò gbọdọ̀ bá ọ́ìlì mìíràn pàdé. DOT 3 tàbí DOT 4 ni ẹ ó rí lára ìdérí ike kékeré rẹ̀. Bí a bá bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, tàbí ti sítíárì tí wọ́n ń pè ní haidirólíìkì, àwọn rọ́bà inú bíréèkì yóò wú, wọn yóò sì bàjẹ́. Ó tún ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ bí iyọ̀ ti ń ṣe. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 205. Èyí tí ó ti fa omi lè hó ní 140. Ẹni tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ nínú àwọn òkè Èkìtì pẹ̀lú ẹrù àti ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀, tí ó sì ń tẹ bíréèkì ṣáá, lè tẹ̀ ẹ́ dé ìdí kí ọkọ̀ má dúró. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ fi ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Bí ó bá sì ń lọ sílẹ̀ nínú ike, yálà ó ń jò, tàbí páàdì ti fẹ́ jẹ tán.

Ní ti gíà òtòmátíìkì, ọ̀pọ̀ ni à ń wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti móoru tí ó sì ń ṣiṣẹ́. Ti Honda ni à ń pa ẹ́ńjìnnì kí a tó wò. Àwọn mìíràn kò ní géèjì rárá, mẹkáníìkì ni yóò wò ó lábẹ́.

Gírísì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rọ̀ àtijọ́ fún ọkọ̀ kékeré, nítorí pé wọ́n ti dí oríkèé wọn pa láti ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn lọ́rì tí ń kó iṣu àti gàrí wọ Ekiosa ṣì ní orí gírísì lábẹ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìbọn gírísì fún un títí gírísì dúdú àtijọ́ yóò fi yọ jáde tí tuntun yóò sì tẹ̀lé e, pàápàá lẹ́yìn tí lọ́rì bá ti wọ ẹrẹ̀ lásìkò òjò.

Ọ̀rọ̀ dírẹ́bà ni ó kù. A kò rò pé dírẹ́bà ìyá wa jẹ́ ọ̀dájú. Ẹni tí ó gbọ́dọ̀ mú iye kan wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá fi dúró, àpò tirẹ̀ ni ó ti ń jáde. Bí a bá tún ní kí ó yọ owó ọ́ìlì nínú èyí tí ó kù fún un, yóò máa sún un síwájú. Kí olówó ọkọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra ọ́ìlì, kí ó sì fún dírẹ́bà ní ọjọ́ kan tí kò ní mú owó wá nígbà tí ọkọ̀ bá lọ fún sábíìsì. Kí ìwé kékeré kan wà nínú ọkọ̀ tí a ó máa kọ ọjọ́, nọ́ńbà ojú mítà, àti ohun tí a bù sí i. Bọ́ọ̀sì tí ń gba lítà 1 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń jò, tàbí kí ó máa jó o. Èéfín búlúù lẹ́yìn rẹ̀ yóò sọ fún wa. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988 yóò wo táyà àti iná wa lọ́nà, wọn kò ní bá wa fa géèjì yọ.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́ oṣù tí ń bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ó jẹ́ mẹkáníìkì yóò gbé ọkọ̀ kan wá síwájú gbọ̀ngàn ní wákàtí kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Kí olúkúlùkù mú àkísà tirẹ̀ wá. Àwọn ìyá tí ó ní bọ́ọ̀sì ni yóò kọ́kọ́ fa géèjì, ìyá elélùbọ́ ni yóò sì ṣe aṣíwájú wọn.