Ìwé Tí Ọmọ Rẹ Fẹ́ Tọwọ́ Bọ̀

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lónìí n kò ní bá yín jà lórí ìlù àti dùùrù. A ti sọ ìyẹn, a ó sì tún un sọ. Ọ̀rọ̀ owó ni mo bá wá, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń purọ́ fún yín jù. Wọ́n ní ẹni tó bá ti mọ ráàpù í kọ, ọ̀nà yóò là fún un.

Ẹ wo Amẹ́ríkà tí ráàpù ti ṣẹ̀ wá. Ta ló sọ pé Papoose, ọmọ Brooklyn, kò mọ̀ ọ́n kọ? Ní 2006, ilé-iṣẹ́ Jive gbà á. Ìròyìn nígbà náà ní owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là. Àwo orin rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń retí, The Nacirema Dream, kò jáde títí wọ́n fi pínyà. Ó di 2013 kó tó gbé e jáde fúnra rẹ̀. Saigon wà lọ́dọ̀ Atlantic ní tirẹ̀. Àwo tirẹ̀ náà wà nílẹ̀ títí di 2011, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló sì wá gbé e jáde. Nígbà yẹn, etí àwọn ènìyàn ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ̀bùn wọn kò dín. Ẹni tó ti tọwọ́ bọ̀wé ni kò lè gbé orin rẹ̀ jáde nígbà tó wù ú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Owó tí wọ́n kó fún ọmọ lọ́jọ́ tó tọwọ́ bọ̀wé kì í ṣe sàárà. Gbèsè tí wọn yóò yọ lára orin rẹ̀ ni, owó sítúdíò wà níbẹ̀, owó fídíò náà sábà máa ń wà níbẹ̀. Ká sọ pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 10 náírà, kí ìwé sì sọ pé náírà 15 ni tirẹ̀ nínú 100 tó bá wọlé. Inú 15 yẹn ni wọn yóò ti máa yọ ọ́. Orin náà yóò pa ju mílíọ̀nù 66 lọ kí ó tó fọwọ́ kan kọ́bọ̀! Nínú ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ san án tán, ilé-iṣẹ́ ló ṣì ni orin.

Āyà tó gùn jù nínú Al-Qur'ān, ọ̀rọ̀ gbèsè ló wà níbẹ̀: Súrà Baqarah, āyà 282. Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a pe ẹlẹ́rìí, kí ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ máa sọ ohun tí akọ̀wé yóò kọ. Onígbèsè ni o, kì í ṣe olówó. Bí kò bá lóye tó, tàbí tó jẹ́ aláìlera, alámòójútó rẹ̀ ni yóò bá a sọ ọ́ pẹ̀lú déédé. Ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ tàkasúfèé ńkọ́? Olówó ló máa ń kọ ọ́ látòkè délẹ̀.

Ta wá ni alámòójútó ọmọ ọdún 19 tó ń kọrin ní Agége? Bàbá rẹ̀ ti lé e jáde. Àwa àáfà ti fi í ṣe wáàsí. Ẹni tó fún un ní ìrẹsì jẹ lọ́jọ́ yẹn ló di bàbá rẹ̀, òun náà ló sì gbé bírò lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ bínú sí orin, mo bá yín bínú sí i. Ṣùgbọ́n lílé tí ẹ lé ọmọ kò gba orin lẹ́nu rẹ̀, alámòójútó ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Arákùnrin mi, ìmọ̀ràn mi ni pé kí o fi í sílẹ̀. Bí o kò bá sì gbọ́ tèmi, má tọwọ́ bọ ìwé kankan lóru. Gbé e lọ bá lọ́yà tí kì í ṣe tiwọn, kí ó fi ọdún tí wọn yóò fi dè ọ́ hàn ọ́, àti ẹni tí yóò ni orin. Mú bàbá rẹ dání. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a lọ.